Ọdún 35 Péré: Iṣẹ́ Tí David Marr Ṣe Lórí Ọpọlọ Ènìyàn, àti Ohun Tí Ó Fi Sílẹ̀

Bí ẹnì kan bá kú ní ọmọ ọdún 35, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, "Ó mà ṣe o! Kò tíì ṣe nǹkan kan láyé." A máa ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú. A máa ń sọ ọ́ létí àwọn òbí tí omijé kò tíì gbẹ lójú wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń dájọ́, bí ẹni pé iye ọdún nìkan ni Ọlọ́run fi ń wọn ayé ọmọ ènìyàn.

Nínú oṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n bá wa wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó kú ní ọmọ ọdún 35 gan-an. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti kú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọpọlọ, àti àwọn tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ríran, kò tíì yé dárúkọ rẹ̀. David Marr ni orúkọ ọkùnrin náà.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti sọ ọ́ di oníwàásù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run wa ni, ẹ̀kọ́ tí ó sì wà nínú bí ó ṣe lo àkókò rẹ̀ kan gbogbo ilé tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ayé bá ti kàn.

TA NI DAVID MARR?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945. Ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń pè ní Trinity, ìmọ̀ ìṣirò ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó yí ojú sí ọpọlọ ènìyàn, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀.

Ní àkókò náà, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ọpọlọ a máa fi ọ̀bẹ là á, wọn a fi awò amúǹkan-tóbi wò ó, wọn a sì ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀ láti gbọ́ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé, kálàmù àti ìṣirò ni Marr fi wá. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni a ṣe so àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ara wọn, irú iṣẹ́ wo ni ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe?

Ìmọ̀ tí ó ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wádìí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tilẹ̀ tíì ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí nígbà náà. Ọdún 1985 ni ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Eric Schwartz pe ìpàdé kan ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n fi orúkọ náà, computational neuroscience, pe ìmọ̀ yìí. Marr ti kú láti bí ọdún márùn-ún. Ó ti ro oko náà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

ỌPỌLỌ KÉKERÉ TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ORÍ

Ọdún mẹ́ta, láti 1969 sí 1971, ni Marr fi gbé ìwé ìwádìí ńlá mẹ́ta jáde. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde.

Ìwé àkọ́kọ́ náà dá lórí ọpọlọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn orí, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní cerebellum. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì aránṣẹ́ tí ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, bíi bílíọ̀nù 69 ni ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń mú kí ìṣísẹ̀ wa ṣe déédéé. Ẹ wo àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan. Ọmọ odó ti ìyá yìí ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, wọn kò sì gbá ara wọn. Kò sí ẹni tí a bí mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀; kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Báwo ni ọpọlọ ṣe ń kọ́ ọ?

Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Eccles, Ito àti Szentágothai, ti gbé ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé bí a ṣe so àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Purkinje. Oríṣi okùn méjì ni ó ń mú ìròyìn wá fún un. Àkọ́kọ́ ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí Marr ṣírò pé wọ́n tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èyí ni 200,000, lórí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Èkejì jẹ́ okùn kan péré, ṣùgbọ́n tí ó lágbára, tí ó lọ́ mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà bí ìtàkùn iṣu ti ń lọ́ mọ́ ọ̀pá.

Marr wo èyí, ó ní okùn alágbára náà ni olùkọ́. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń sọ ipò tí ara wà: ibi tí ọwọ́ wà, ibi tí ẹsẹ̀ wà. Bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ ní àkókò kan náà tí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń sọ̀rọ̀, ibi tí àwọn yẹn ti fi ara kan sẹ́ẹ̀lì náà yóò yí padà. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ léraléra, olùkọ́ lè dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Marr rò pé ńṣe ni ìfarakàn náà yóò máa lágbára sí i. Ní ọdún 1971, ará Amẹ́ríkà kan, James Albus, gbé àbá tí ó jọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n òun sọ pé ńṣe ni yóò máa dínkù. Ní ọdún 1982, Masao Ito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì fi ìdánwò hàn pé dídínkù ni ó ń dínkù. Nítorí náà, Marr gba apá kan, ó sì ṣi apá kan. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n sì ti rí ibòmíràn nínú ọpọlọ kékeré náà tí ẹ̀kọ́ ti ń wáyé. Síbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àbá yìí, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń dá pọ̀: Marr, Albus àti Ito.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a fò ó kọjá. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn mìíràn lè tún ọ̀rọ̀ Marr ṣe ni pé ó sọ ọ́ kedere, débi tí a fi lè dán an wò. Ọ̀rọ̀ tí a fi kùrukùru bò, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò jàǹfààní rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń RÁNTÍ NǸKAN

Ìwé kejì, ti ọdún 1970, dá lórí èèpo ọpọlọ ńlá. Ìkẹta, ti 1971, dá lórí apá kan tí ó fara sin nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní hippocampus, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ìrántí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí akọrin bá ti dá ìlà àkọ́kọ́ orin kan, gbogbo ìjọ yóò ti rántí ìyókù. Bí a bá rí ẹ̀yìn arákùnrin kan láàárín èrò, a ti mọ ojú rẹ̀ kí ó tó yíjú sí wa. Díẹ̀ nínú nǹkan a máa fa gbogbo rẹ̀ jáde.

Marr fi ìṣirò ṣàlàyé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe lè ṣe é. Ó ní apá yìí lè tètè gba ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sílẹ̀, kí ó sì wá kó o fún ọpọlọ ńlá lẹ́yìn náà, bóyá nígbà tí a bá sùn. Ní ọdún 1994, Matthew Wilson àti Bruce McNaughton gbọ́ iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì apá yìí nínú ọpọlọ eku. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eku ń rìn kiri, tún jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eku náà sùn. Ọdún 23 ti kọjá lórí ìwé Marr kí ẹ̀rí yìí tó dé.

Ó RÉKỌJÁ SÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní ọdún 1973, Marr lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí ọgbọ́n inú. Ó dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ni ó wá gbájú mọ́: báwo ni ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú ojú ṣe ń di ohun tí a rí?

Ẹ dán èyí wò nínú ilé yín pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ na ìka kan síwájú ojú yín, kí ẹ di ojú òsì, kí ẹ sì wo ìka náà sí ara ògiri. Ẹ wá ṣí ojú òsì, kí ẹ di ti ọ̀tún. Ìka náà yóò dà bí ẹni pé ó sún. Àwòrán méjì tí ó yàtọ̀ díẹ̀ ni ojú wa méjèèjì ń rí, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tí ó súnmọ́ àti èyí tí ó jìnnà. Àwọn àgbà wa ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni ọpọlọ ṣe mọ̀ pé òkèèrè ni òkèèrè?

Ibi tí ó ti le ni pé ẹgbàágbèje àmì ni ó wà nínú àwòrán ojú òsì, ẹgbàágbèje sì wà nínú ti ọ̀tún. Èwo ni ó bá èwo mu? Marr àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ítálì, Tomaso Poggio, dáhùn ní ọdún 1976. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wo bí ayé fúnra rẹ̀ ṣe rí. Àmì kan lára ohun kan kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ara ohun tí a ń wò kì í sì í fò sókè-sódò. Ibi tí ó súnmọ́ra lára rẹ̀ a máa jìnnà sí wa bákan náà. Wọ́n fi òfin méjì yìí kọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì ń so àwòrán méjì pọ̀.

Ní ọdún 1980, òun àti Ellen Hildreth gbé ìwé jáde lórí bí a ṣe lè rí etí nǹkan nínú àwòrán, nípa wíwá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yí padà lójijì. Wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà náà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn onímọ̀ léèrè ohun tí ó tóbi jù tí Marr fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ pé ìbéèrè mẹ́ta ni. Òun àti Poggio ni wọ́n jọ là á kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kíka owó ọrẹ lẹ́yìn ìsìn ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: iṣẹ́ wo ni akápò ń ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ó ń ṣe àròpọ̀, kí ìjọ lè mọ iye tí ó wọlé. Ìkejì: ọ̀nà wo ni ó ń gbà ṣe é? Ó lè kọ́kọ́ ṣa owó ní oríṣi-oríṣi kí ó tó kà á. Ó sì lè kà á bí ó ṣe ń jáde nínú àpò. Ìkẹta: kí ni ó fi ń ṣe é? Ó lè jẹ́ ìka ọwọ́, ó lè jẹ́ kálàmù, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wo ìka akápò láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí kò mọ̀ pé àròpọ̀ ni ó ń ṣe, kò tíì lóye nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Marr sọ nípa ọpọlọ. Ó ní wíwo sẹ́ẹ̀lì nìkan kò tó. Kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé iṣẹ́ kí ni sẹ́ẹ̀lì náà wà fún. Lónìí, àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ojú ènìyàn mọ̀ gba ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ti Marr: wọ́n ń kọ́ nípa wíwo àìmọye àwòrán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe gan-an, ìbéèrè Marr ni púpọ̀ nínú wọn ń padà sí.

NÍGBÀ TÍ ÀÌSÀN DÉ

Ní àsìkò òtútù tí ó so ọdún 1977 pọ̀ mọ́ 1978, àyẹ̀wò fi hàn pé Marr ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni kó pé tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé.

Kí ni ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé? Ó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé òun yóò kọ ìwé kan lórí ìríran, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá yá ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láìfi ṣòfò mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1979, òun àti Poggio lo nǹkan bí oṣù kan lọ́dọ̀ Francis Crick, onímọ̀ ńlá nì, ní California, wọ́n sì jọ ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ìpín tí ó kẹ́yìn ìwé náà, ó kọ ọ́ bí ìjíròrò pẹ̀lú ẹnì kan tí ń bá a jiyàn, kí ó lè dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò béèrè.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1980, David Marr kú. Ìwé náà, Vision, jáde ní ọdún 1982. Ìyàwó rẹ̀, Lucia Vaina, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọpọlọ, kó àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ jọ sójú kan, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1991. Ní 2010, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tún tẹ Vision. Shimon Ullman, tí ó bá a ṣiṣẹ́, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Poggio sì kọ ọ̀rọ̀ ìparí. Láti ọdún 1987, ìpàdé ńlá àgbáyé tí àwọn tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ríran ń ṣe a máa fi ẹ̀bùn kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Marr dá ìwé ìwádìí tí ó dára jù lọ́lá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti ìwé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ọdún bíi 11 péré ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ti lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí ìwé wọn kún àká, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i wò mọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌDÍLÉ WA

Metúsélà gbé 969 ọdún láyé, Bíbélì kò sì sọ iṣẹ́ kan pàtó tí ó ṣe fún wa. Dọ́káàsì ará Jópà, a kò mọ iye ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú, àwọn opó kó aṣọ tí ó rán fún wọn síwájú Pétérù, wọ́n sì ń sọkún. Aṣọ náà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí a fi sílẹ̀ sí ara ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ó bá yá. Bí Ọlọ́run bá fi iṣẹ́ kan sí yín lọ́kàn, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ìṣirò, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, kí ẹ tó béèrè bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń béèrè "nítorí kí ni" ní gbogbo ìgbà, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá sì ṣi ìdáhùn, ẹ má nà án nítorí pé ó ṣì í. Ẹni tí ó sọ èrò rẹ̀ kedere tí a sì tún un ṣe, ó sàn ju ẹni tí kò sọ nǹkan kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ, ọkọ tàbí aya tí kò dàgbà tó bí ẹ ti fẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A gbà pé Ọlọ́run wa ń wo aláìsàn sàn, a kò sì ní ṣíwọ́ àdúrà fún ẹni tí ó wà lórí àkéte. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé asán ni ayé ẹni yín nítorí pé ó kúrú. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó kù nínú ilé, kí ẹ ka aṣọ Dọ́káàsì tiyín: ọmọ tí ó kọ́ ní ìwé, ẹni tí ó mú wá sí ilé Ọlọ́run, aládùúgbò tí ó bá gbé ẹrù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ yín, gẹ́gẹ́ bí Lucia Vaina ti kó iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ.

Ìyókù ọjọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti lò ó. Kí ó fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ ilé yín, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.